Èémí Ni, Kì Í Ṣe Ẹ̀mí: Ìyá Àgbà Onígíláàsì

Hàà! Bí ẹ bá ti gbọ́ ìró yẹn láàárọ̀ ní agboolé wa ní Agbowó, kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìyá àgbà mi ti jí. Wọn kì í fi omi nu gíláàsì ojú wọn. Wọ́n á gbé e sún mọ́ ẹnu, wọ́n á mí sí i, hàà lápá ọ̀tún, hàà lápá òsì, títí tí á fi funfun bí ojú ọ̀run ọjọ́ òjò, wọ́n á wá fi etí ìró ìdí wọn nù ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń kí èèyàn. Bí o bá yọjú kí wọ́n tó nù ún tán, tí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á ní: "Dúró ná, mi ò tíì rí ọ. Mi ò lè máa kí ohùn."

Àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ti lọ. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n, àwọn náà ló sì tọ́ mi, nítorí bàbá mi kò pẹ́ láyé. Gbogbo Agbowó ló ń pè wọ́n ní Ìyá Onígíláàsì, torí pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé gíláàsì sójú, kò sí obìnrin mìíràn ládùúgbò wa tó ní in. Ẹ má retí kí n to ayé wọn lẹ́sẹẹsẹ láti kékeré. Àwọn ọmọ ìjọ ti ṣe ìyẹn níbi ìsìnkú, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí èmi fojú mi rí ni màá sọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Nígbà tí mo ti lè kọ orúkọ mi, tí mo sì lè ka Bíbélì, mo ní ó tó mi. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Àkànní onítakisí láti Mòníyà títí dé Challenge. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń sọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mọ́tò tí mo ń wà, tèmi ni, n kò wà á fún ọ̀gá kankan. Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún mi, ó sì wo ojú mi kó tó tà á, ó ní òun mọ̀ pé màá tọ́jú ẹ̀.

Nítorí pé ìlú òtútù ni wọ́n ti ṣe mọ́tò náà, ó ní hítà. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Omi tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká, tó ti gbóná, ló ń gba inú àpótí kékeré kan kọjá níwájú ẹsẹ̀ èrò iwájú. Fáànù kan á fẹ́ atẹ́gùn kọjá lára àpótí náà, atẹ́gùn á sì gbóná. Ọwọ́ irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn: bí o bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ooru á lọ síbi ẹsẹ̀, bí o bá fà á sókè, ooru á gòkè lọ bá gíláàsì iwájú. Apá ti gíláàsì yìí, a kì í fọwọ́ kàn án. Ta ló fẹ́ yan gíláàsì jẹ?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Dùgbẹ̀ fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí.

"Àkànní, hítà? Ní Ìbàdàn? Ṣé o fẹ́ se àwọn èrò ọkọ̀ ẹ jinná ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ku kó rán ẹ̀wù òtútù fún ẹ́ńjìnnì!"

Mo ní kò burú, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Ring Road kó tú u sọnù. Ìyá àgbà wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí àpótí hítà yẹn bí ẹni tó jókòó lórí ìtẹ́. Ìyá àgbà mi kò bá ẹnikẹ́ni jà láyé wọn tó bí wọ́n ṣe bá òtútù jà. Fèrèsé mọ́tò mi kò gbọ́dọ̀ ṣí bí wọ́n bá wà níwájú. Àwọn èrò á máa làágùn, wọ́n á máa kùn, ìyá àgbà á ní ooru kì í pa àgbà. Mẹkáníìkì yẹn ní, "Ìyá, ẹ dìde kí n ríbi ṣiṣẹ́." Wọ́n ní: "Má tú u. Ẹni tó ru ẹrù láti ìlú òkèèrè, ó ní ohun tó rí kó tó dì í." Bí hítà ṣe kù sínú mọ́tò mi nìyẹn. Ẹ má gbàgbé rẹ̀, nítorí ó ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Wòlíì ìjọ wa. Ìjọ Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun. Ìyá àgbà ló gbẹ̀bí Wòlíì nígbà tí ìyá rẹ̀ ń rọbí, àwọn ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bá Wòlíì sọ̀rọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, "ẹ" ni. "Bàbá Wòlíì, ẹ gbàdúrà fún wa." Bí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, ó di "o". "Ṣé o ti jẹun? Aṣọ ẹ dọ̀tí." Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní: "Oyè ni mò ń kí nínú ilé, ọmọ ni mò ń kí níta."

Ó wá di ọjọ́ tí a ń bọ̀ láti ìsọjí ní Mòníyà. Òjò ń rọ̀, kì í ṣe díẹ̀. Ìyá àgbà àti Wòlíì há mọ́ra wọn níwájú, àwọn akọrin obìnrin kún ẹ̀yìn fọ́fọ́, òjò ti pa gbogbo wọn, sùtánà wọn ń kán tó-tó. Fèrèsé wà ní títì pa, ẹ mọ ẹni tó pàṣẹ. Wọ́n ń kọrin. Mo ní kí n sọ òtítọ́, orin náà dùn, mọ́tò ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí a fẹ́ẹ̀ dé Òjóò, gíláàsì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Etí rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń rá wọ àárín. Mo ti mọ̀ pé gíláàsì máa ń ṣe báyẹn nígbà òjò, ṣùgbọ́n kò tíì funfun tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo tan wáípà. Wáípà ń lọ, ó ń bọ̀, fìì, fìì. Funfun yẹn ò tilẹ̀ mira. Mo na ọwọ́ kí n fi àkísà nù ún. Wòlíì di ọwọ́ mi mú.

"Má fọwọ́ kàn án! Ẹ wò ó, ẹ wò ó, irin ń nù ún, kò kúrò!"

Ohùn kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ̀mí ni o!"

"Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀!"

Mo dúró sẹ́bàá ọ̀nà, nítorí n kò rí iwájú mọ́. Wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, wọ́n kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nínú òjò, wọ́n gbàdúrà. Ìgbà tí a padà wọ mọ́tò, gíláàsì ti mọ́. Wòlíì gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó ti gòkè lọ!" Omijé wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tàn, ọkùnrin olóòótọ́ ni. Ó gbé ọwọ́ lé orí sítíárìn mi. "Àkànní, ìwọ alábùkún. Mọ́tò yìí ti di àgọ́ Olúwa. Lọ́jọ́ Ìsinmi a ó yà á sí mímọ́. Kò ní gbé èrò Dùgbẹ̀ mọ́."

Gbogbo wọn ní "Àmín." Èmi náà ṣe Àmín. Mọ́tò tó ń bọ́ ìyàwó mi, tó ń bọ́ àwọn ọmọ mi, tó ń bọ́ ìyá àgbà fúnra wọn! Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní mo bá Ẹ̀mí du nǹkan. Mo kàn rí i tí ìyá àgbà yọ gíláàsì ojú wọn, tí wọ́n wò ó. Òun náà ti funfun. Wọ́n rọra nù ún.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Ìyá, ẹ gbà mí."

"Lọ́wọ́ ta? Ṣé Ọlọ́run ni kí n gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ìyá, mọ́tò mi ni."

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí n ronú. Bó bá jẹ́ Ẹ̀mí ni, èmi gan-an ni màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ, màá lọ gbé e fún wọn. Bí kò bá jẹ́ Ẹ̀mí, wọn ò ní fi orúkọ Rẹ̀ gba oúnjẹ ọmọ mi."

Ní ọjọ́ Sátidé, òjò ṣì ń ṣẹ́ wínníwínní. Ìyá àgbà pe Ìyá Ràfíù àti Ìyá Bọ́sẹ̀. Nínú agboolé wa, àwọn obìnrin méjì yìí ni a fi ń mọ ìròyìn kí rédíò tó gbọ́.

"Ẹ wá jókòó sínú mọ́tò Àkànní," ni ìyá àgbà wí. "Ẹ wá sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé lándílọ́ọ̀dù."

"Nínú mọ́tò kẹ̀, Ìyá?"

"Ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé sọ níta ni?"

Wọ́n wọlé wéré. A ti fèrèsé. Ẹ ò tíì gbọ́ òfófó rí. Wọ́n sọ ti ìyàwó kejì, wọ́n sọ ti ẹran tó sọnù nínú ìkòkò, wọ́n sọ ti bàbá kan tí n kò ní dárúkọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò tíì sọ dé ìdajì tí gíláàsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun? Láti etí, ó ń rá wọ àárín, bí ti ọjọ́ Òjóò gẹ́lẹ́. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ara wọn fi ń gbọ̀n. Nígbà tí àwọn yẹn lọ tán, wọ́n ní: "Àkànní, ṣé o rí i? Ògo Olúwa ò lè bá òfófó wọ mọ́tò kan náà."

Wọ́n wá na ìka sí gíláàsì náà láti inú, wọ́n fà á, ojú ọ̀nà hàn. Wọ́n ní, "Inú ló wà. Wáípà ẹ ń bẹ níta, ó ń nu ohun tí kò sí níbẹ̀." Wọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n fa ọwọ́ hítà sókè sí gíláàsì.

Ní àkọ́kọ́, kò ṣe nǹkan kan, nítorí omi ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ gíláàsì, ibì kan mọ́ roboto bí ìdajì òṣùpá, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí mo fi rí ògiri agboolé wa kedere. Ẹnu yà mí. Kò ya ìyá àgbà. Wọ́n ní kí wọ́n tó ṣí ìdérí ìkòkò láàárọ̀ òtútù, àwọn máa ń ki gíláàsì ojú wọn bọ àyà kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ná, àìṣe bẹ́ẹ̀, ooru ọbẹ̀ á bò ó. "Gíláàsì tútù ló ń dá èémí dúró," ni wọ́n wí. "Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, èémí á kí i, á kọjá lọ."

Inú mi dùn, mo ní kí n sáré lọ sọ fún Wòlíì. Wọ́n fa ẹ̀wù mi. Wọ́n ní ó ku èyí tó le jù: bí ojú kò ṣe ní ti ọmọ tí àwọn gbẹ̀bí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mọ́tò mi wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àbẹ́là yí i ká, imọ̀ ọ̀pẹ wà lórí rẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́ títí ó ń dán. Bí wọ́n bá máa gbà á lọ́wọ́ mi, kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó mọ mọ́tò ni wọ́n ti gbà á. Ilé kún. Wòlíì mú ìgò òróró. Nígbà náà ni ìyá àgbà dìde.

"Bàbá Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹ̀rí."

"Ẹ máa wí, Ìyá."

Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn níwájú gbogbo ìjọ. Hàà. Hàà. Wọ́n gbé e sókè.

"Kí lẹ rí?"

"Ó funfun, Ìyá."

"Ṣé kí ẹ ya òun náà sí mímọ́ ni? Kí n má fi ṣa ẹ̀wà mọ́?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Wòlíì kò rẹ́rìn-ín. Mo rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ìyá àgbà náà rí i, wọ́n sì yí ohùn padà, wọ́n rọ̀ ọ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Bàbá Wòlíì, ẹ ò ṣìnà. Ògo lẹ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mọ́tò. Inú wa ló ti jáde. Èémí wa ni. Ẹni tó mí sí imú Ádámù ló fi fún wa, Ó sì fún wa lọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí a jọ kọrin yìn Ín, a fi bo ojú ọ̀nà. Bí ẹ óò bá ta òróró lónìí, ẹ ta á sórí àwọn tó mí. Ẹ fi mọ́tò sílẹ̀ fún Àkànní, kó máa fi gbé wa lọ, kó máa fi gbé wa bọ̀."

Wòlíì wo ìgò ọwọ́ rẹ̀, ó wo mọ́tò láti ojú ilẹ̀kùn, ó wo obìnrin tó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ láyé. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá, ẹ sún mọ́ ibí." Orí ìyá àgbà ló kọ́kọ́ ta òróró sí, ó wá pe àwọn akọrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní: "Ẹ̀mí àti èémí, ahọ́n wa ló fẹ́ sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìyá ti yà wọ́n sọ́tọ̀."

Nígbà tí a jáde síta, ìyá àgbà fa Wòlíì lápá. "Ṣé inú ń bí ọ?"

"Inú ò bí mi, Ìyá. Ẹ̀ bá ti sọ fún mi nílé ni."

"Bí mo bá sọ ọ́ nílé, ìwọ nìkan ni ì bá gbọ́, wọ́n á sì ní o kọ iṣẹ́ Olúwa. Gbogbo wọn ló pè é ní Ẹ̀mí, gbogbo wọn ló yẹ kó rí èémí."

Mo ní láti fi ti mọ́tò lọ́yà kún un, torí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kò lè ṣàì sọ ọ́. Lọ́yà kan ní Bódìjà gbé mọ́tò Amẹ́ríkà kan wọ̀lú, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà tí dírẹ́bà rẹ̀ lọ sílé, èmi ló pè. Kò pe ẹlòmíràn. Ó sì jẹ́ kí n fi gbé ìyá àgbà lọ sí Dùgbẹ̀ lọ pààrọ̀ gíláàsì ojú wọn. Mọ́tò yìí kì í ṣe hítà lásán. Ó ń fẹ́ tútù, ó ń fẹ́ gbígbóná, o ò sì ní máa fa ọwọ́ irin kiri. Nọ́ńbà ni o máa yàn lórí àgbá kékeré kan tí ìka ń yí, ó parí.

"Ta ló ń sọ fún un?" ni ìyá àgbà bi mí, wọ́n ti fi ìborùn wé ara.

Mo ní ohun kan wà nínú pátákó iwájú tó ń tọ́ afẹ́fẹ́ inú wò, òmíràn ń tọ́ ti ìta wò. Ẹ̀rọ á fi wọ́n wé nọ́ńbà tí èèyàn yàn, á wá ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan díẹ̀ sápá tútù, díẹ̀ sápá gbígbóná, á pò wọ́n, á tún tọ́ ọ wò. Mo yí nọ́ńbà sókè fún wọn, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n rántí omi ìwẹ̀ àwọn ọmọ tuntun, bí wọ́n ṣe ń bu tútù sí gbígbóná, tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò. Wọ́n ní: "Àṣé wọ́n ti fún mọ́tò ní ìgbọ̀nwọ́."

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ooru mú mi, mo dá a padà sí tútù gan-an, ó ń fẹ́ tààrà sí gíláàsì. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ìta lọ́rinrin. Gíláàsì funfun! Mo sáré nù ún láti inú, kò lọ. Ìyá àgbà ní, "Tan wáípà." Wáípà gbá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìta ló wà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnì kan ní ẹ̀bá ọ̀nà tún ń kígbe pé, "Dírẹ́bà, mọ́tò yín ń tọ̀!" Mo ní kó lọ jókòó, omi tí páìpù tútù fún jáde lára afẹ́fẹ́ ló ń kán sílẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí inú rẹ̀ lọ́rinrin. Ìyá àgbà kò gbọ́ tiwa. Gíláàsì ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní: "Ìrì ò mọ inú, kò mọ òde. Ojú tó bá tutù ló ń wá."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá àgbà fayé sílẹ̀. Wọn ò ṣàìsàn púpọ̀, àgbà ló dé. Wòlíì wà níbẹ̀, èmi wà níbẹ̀, a ò mọ̀ bóyá oorun ni. Gíláàsì ojú wọn wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Wòlíì mú un, ó nù ún pẹ̀lú etí sùtánà rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ihò imú wọn, ó dúró. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó tún gbé e padà, ó tún dúró. Ó mọ́. Ó mọ́ kedere, mo ń rí igi ìta nínú rẹ̀. Wòlíì kúnlẹ̀, ó ní: "Èémí ti tán. Ẹ̀mí ló lọ."

Òjò ń rọ̀ nígbà tí a ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Wòlíì jókòó síwájú, níbi tí ìyá àgbà máa ń jókòó, àwọn akọrin wà lẹ́yìn. Ooru mú mi, mo fẹ́ yí fèrèsé sílẹ̀. Wòlíì ní, "Fi í sílẹ̀. Ìyá ò fẹ́ atẹ́gùn." Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ orin. Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti etí, ó ń rá wọ àárín, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo. A kàn ń wò ó, èémí gbogbo wa. Mo fa ọwọ́ hítà sókè. Ìdajì òṣùpá yọ nísàlẹ̀, ó ń gòkè.

Ìyá, mo dúpẹ́. Ojú ọ̀nà ti mọ́.